Pákó Lójú Fèrèsé

Aago méjì òru ti kọjá. Ní Brandon,
òtútù ń gé etí bí abẹ tuntun.
Mo jókòó sínú mọ́tò, mo pa á, mo tún tàn án,
kí ẹ́ńjìnnì má baà dì, kí epo má baà tán.
Iwájú mi ni ilé tí wọ́n ti ń ta bàtà tẹ́lẹ̀,
tó di mọ́ṣáláṣí nígbà tí oníbàtà kógbá sílé.
Gíláàsì kan ti lọ. Pákó ló wà lójú fèrèsé.

Òkúta ni wọ́n jù. Ọjọ́ Ẹtì ni, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn,
ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síbí,
torí ọmọ ọdún méje kan ti kà á tán
kí bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ bò ó lójú.
Ọlọ́pàá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.
Yìnyín ti bo ojú ẹsẹ̀ wọn.

Ìwé òfin ti sọ ọ́, mo mọ̀, mo kà á
lọ́dún tí mo búra láti di ọmọ onílùú:
kálukú ló lè sin bó ṣe fẹ́ sin.
Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wọ ìbọ̀wọ́,
ìwé kì í jí lóru wo ẹni tó ń bọ̀ lókùnkùn.
Ènìyàn ni í bá ìwé ṣọ́ ohun tó kọ.

"Kí ló kàn ọ́?" ni Mọrẹ́nikẹ́ bi mí,
bó ti ń we ìborùn mọ́ mi lọ́rùn.
"Ìwọ díákónì?"
N kò dáhùn. Mo rántí ilé wa ní Ìkirun,
màmá mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi,
tó ń jí láago mẹ́rin se sààrì fún bàbá mi,
tó ń fohùn jẹ́jẹ́ kọrin ìjọ nídìí ìkòkò
kó má baà dí àdúrà rẹ̀ lọ́wọ́.
Bàbá a ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò.
Manitoba rèé, ọ̀run rẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ,
síbẹ̀ ẹnìkan ní kò gba ẹyẹ kan yìí.

Hajrudin kan gíláàsì mọ́tò mi.
Ó gbé tíì wá, ó gbóná, ṣúgà ti pọ̀ jù.
Ará Bosnia ni, yóò tó ẹni ọgọ́rin ọdún.
Ó ní, "Ní ìlú tiwa,
kì í ṣe àwọn tó gbé ìbọn ni mo ń rí lójú àlá.
Àwọn aládùúgbò ni, tí wọ́n fa kọ́tìnì."

Tíì náà há mi lọ́fun.
Mo ní kọ́tìnì tèmi.
Nílé ìpẹran tí a ti ń ṣiṣẹ́, lóṣù Kẹsàn-án,
wọ́n já ìbòrí Sahra sílẹ̀ ní yàrá oúnjẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín,
èmi sì ń ka ìrẹsì inú abọ́ mi,
horo kan, horo méjì, bí ẹni ń ka owó àjọ.
Sahra bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n.
Ó wò mí. Kò wí nǹkan kan.
Ará ibi iṣẹ́ mi ń jẹ kòkòrò búburú, n kò sọ.
Ẹ wá wò mí: hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ni kò jẹ́ n sùn.

Idil, ọmọ ọdún méje yẹn, ọmọ Sahra ni.
Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sára pákó:
oòrùn tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà,
mọ́tò aláwọ̀ eérú, ọkùnrin dúdú kan nínú rẹ̀,
ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi ju orí lọ.

Ìmáámù Warsame dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ń bọ̀.
"Wọlé, kó o yáná."
Mo ní ẹ kírun yín. Ẹnu ọ̀nà tó mi.
Mọ́tò kan ṣẹ́rí síhìn-ín, ó dẹ ẹsẹ̀ níwájú ilé.
Mo tan iná mi, gbogbo rẹ̀.
Ó kọjá lọ. Bóyá ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni.